Ẹ Bi Wá: Bàálù Rìmóòtù Mi Ń Forí Sọlẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra bàálù onífóòmù kékeré kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fò ó, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló forí sọlẹ̀. Ṣé kí n pààrọ̀ mọ́tò ẹ̀ sí èyí tó lágbára ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, rárá o, má tíì fọwọ́ kan mọ́tò yẹn. Kọ́kọ́ fi ìka méjì gbé e lábẹ́ apá, níbi tó tó ìdá kan nínú mẹ́rin fífẹ̀ apá náà láti iwájú, tí ìdí ẹ̀ bá wálẹ̀, ti bátìrì síwájú, torí bàálù tí ìdí ẹ̀ wúwo, àtọ̀gá o, àtọmọṣẹ́ o, wàhálà ni. Àárọ̀ kùtù ni kó o máa fò ó, kí atẹ́gùn tó dé, kó o kọjú ẹ̀ sí atẹ́gùn kó o tó jù ú, kó sì ga dáadáa kó o tó yí i. Tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ, òsì á di ọ̀tún (ibẹ̀ lèmi náà ti run méjì, ìyàwó mi ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́), ṣáà ti ọ̀pá rìmóòtù sí ìhà apá tó ń relẹ̀, á gbéra.

Ìgbà tó o bá ń balẹ̀ láìfọ́ nǹkan kan lo tó lè ronú mọ́tò brushless (èyí tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì nínú, brushed lèyí tó ní in), ESC tìẹ náà (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí eré mọ́tò) máa yí padà o, ti brushed ò lè wà á. Má sì ki pòpẹ́là ńlá bọ̀ ọ́ lásán, iná tó máa fà lè jó ESC. Bátìrì LiPo (irú bátìrì lithium tí bàálù báyìí máa ń lò), 4.2V ni sẹ́ẹ̀lì kan tó bá kún, má jẹ́ kó wálẹ̀ ju 3.5V lọ, má sì fi sórí chájà lọ sùn.

Super glue ńkọ́? Ó máa ń jẹ àwọn fóòmù kan, ra èyí tí wọ́n ṣe fún fóòmù.