"Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì": ṣé òwe yìí bá ọ̀rọ̀ sólà mu?

Ẹnì kan ló bi mí pé kí nìtumọ̀ òwe yìí, pé ẹ̀gbọ́n òun ló fi dá òun lóhùn nígbà tóun ní kí ló dé tí wọn ò gbé sólà sórí Voyager, ìyẹn ọkọ̀ méjì tí wọ́n rán lọ jìnnà réré sí gbalasa òfuurufú, ṣebí oòrùn wà lójú ọ̀run, sólà sì ń gbé fríìjì nílé wa. Ẹ̀gbọ́n yẹn mọ òwe lò o!

Òwe náà ò le. Ìdílé kan lè máa jẹ ẹran kan, kó jẹ́ èèwọ̀ fún ìdílé tí wọ́n jọ pààlà, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi níbẹ̀, ibi tí kálukú wà ló yàtọ̀. (Àwọn tó ń fi bo ìwàkiwà mọ́lẹ̀ ló bà á jẹ́.)

Bí ti oòrùn ṣe rí náà nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń fọ́n ká bó ṣe ń lọ ni, tó o bá fi ìlọ́po 2 jìnnà sí i, ìdá kan nínú 4 ló máa kàn ẹ́, ìlọ́po 3, ìdá kan nínú 9. Lókè ayé wa níbí, kó tó wọnú afẹ́fẹ́, bíi 1,360 wáàtì ló ń bọ́ sórí mítà kan níbùú lóòró, tó bá fi máa dé pílánẹ́ẹ̀tì Mars ó ti di bíi 590, ní Jupiter, pílánẹ́ẹ̀tì tó tún jìnnà jùyẹn lọ, bíi 50 péré!

Síbẹ̀ NASA, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń rán ọkọ̀ lọ sí gbalasa òfuurufú, gbé sólà lọ sí Jupiter. Ọkọ̀ Juno tí wọ́n rán lọ ní 2011 ní apá pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 9, nítòsí ayé wọn ì bá mú bíi 14,000 wáàtì wá, àmọ́ nígbà tó débẹ̀ ní 2016, bíi 500 ló kù, ìyẹn ò lè gbé áyọ́ọ̀nù tá a fi ń lọ aṣọ. Wọ́n tún ní láti la ọ̀nà tó máa gbà kó má bàa wọ òjìji Jupiter. Ọkọ̀ Rosetta táwọn ará Yúróòpù rán jáde ńkọ́? Òun tiẹ̀ jìnnà débi pé wọ́n ní láti pa ọ̀pọ̀ nǹkan inú ẹ̀, wọ́n jẹ́ kó sùn láti June 2011 di January 2014.

Voyager tiẹ̀ kọjá ìyẹn pátápátá. Ní pílánẹ́ẹ̀tì Neptune, níbi tí Voyager 2 dé ní 1989, ìmọ́lẹ̀ tó kù ò ju ìdá kan nínú 900 tiwa lọ, pánẹ́ẹ̀lì wo lo fẹ́ tẹ́ síbẹ̀? Plutonium, irin kan tó ń mú ooru jáde fúnra ẹ̀, ni wọ́n gbé sínú ẹ̀ látìgbà tó ti gbéra ní 1977, ooru ẹ̀ ni wọ́n ń sọ di iná mànàmáná.