Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Wii U ni ká fi dá Satoru Iwata lẹ́jọ́, àbí Switch?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òwò ni mí. Wọ́n ní ká mú ilé-iṣẹ́ kan, ká sọ bóyá olórí rẹ̀ ṣe dáadáa. Nintendo, ilé-iṣẹ́ géèmù ti Jàpáàn, ni mo mú, lásìkò tí Satoru Iwata jẹ́ ààrẹ rẹ̀, láti 2002 sí 2015. Àwọn kan ní òun ló fi ẹ̀rọ géèmù Wii U kó ilé-iṣẹ́ náà sí gbèsè, àwọn mìíràn ní òun ló bí Switch, ẹ̀rọ tó tẹ̀lé e. Èwo ni kí n gbà, ẹ̀rí wo ni mo sì lè fi gbè é lẹ́sẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò ná. Nintendo pàdánù owó láyé Iwata, ṣùgbọ́n owó tirẹ̀ tó ti kó jọ ló ń jẹ, kò yá owó láti fi gbéra. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín méjèèjì, ẹni tó bá sì ń ka iṣẹ́ yín máa wá a.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà jù ni kí wọ́n mú iye ẹ̀rọ tí wọ́n tà lọ́dún kan, kí wọ́n so ó mọ́ ẹni tó wà lórí àga lọ́dún náà. Ẹ̀rọ géèmù kì í jáde lọ́dún tí wọ́n pinnu rẹ̀. Oṣù Kẹta 2015 ni Iwata kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀rọ tuntun kan ní gbangba, NX ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún yẹn, ẹni ọdún 55. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 2017 ni NX dé orí àtẹ, tó di Switch. Tatsumi Kimishima ló wà lórí àga nígbà náà, Shuntaro Furukawa sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2018. Bí ẹ bá fi iye tí wọ́n tà nìkan ṣe é, Kimishima ni ẹ máa gbé oríyìn fún. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ ìpinnu sí apá kan ìwé yín, kí ẹ kọ ọjọ́ àbájáde sí apá kejì, kí ẹ tó fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.

Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ wá ṣí ìwé ìṣirò Nintendo fúnra rẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń gbé iye ẹ̀rọ àti iye géèmù jáde fún àwọn onípìn-ín, gbogbo èèyàn ló sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì níbẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni ọdún ìṣúná wọn máa ń parí, nítorí náà ọdún tó parí ní 2014 kó Kérésìmesì 2013 sínú, kì í ṣe ti 2014. Èkejì, iye tí wọ́n kó jáde fún àwọn oníṣọ̀ọ̀bù ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ṣì wà lórí pẹpẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò kan pọ̀. Wii, ẹ̀rọ tó ṣáájú Wii U, tí wọ́n tà jẹ́ mílíọ̀nù 101.63, géèmù rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 921. Ẹ fi ẹ̀rọ pín géèmù: 9 àti díẹ̀ ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Wii U jẹ́ mílíọ̀nù 13.56 péré, géèmù rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 103. Ẹ pín in: ó tó 7.6. Ẹ rí i pé 7.6 kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí 9, bẹ́ẹ̀ Wii fi ìlọ́po méje ju Wii U lọ. Àwọn tó ra Wii U ra géèmù fún un. Àwọn tó yẹ kó wá ra ẹ̀rọ ni kò wá. Ẹ̀rí kejì fún èyí ni Mario Kart 8, géèmù eré ìje ọkọ̀: mílíọ̀nù 8 àti ààbọ̀ ni wọ́n tà lórí Wii U. Wọ́n tún un ṣe fún Switch ní 2017, ó sì kọjá mílíọ̀nù 60. Géèmù kan náà ni o. Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe géèmù kọ́ ló bàjẹ́.

Kí ló wá bàjẹ́? Orúkọ ni àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ òbí tó ti ní Wii nílé rò pé páàdì tuntun tí wọ́n á so mọ́ ti àtijọ́ ni Wii U, nítorí páàdì onígíláàsì náà ni ìpolówó ń fi hàn ṣáá, àpótí ẹ̀rọ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Páàdì yìí fúnra rẹ̀ gbówó lórí, bátìrì rẹ̀ kì í ju wákàtí 3 sí 5 lọ, èèyàn kò sì lè gbé e jìnnà sí àpótí rẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Láti 300 dọ́là ni wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ náà ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kọkànlá 2012, síbẹ̀ Nintendo ń pàdánù lórí rẹ̀ títí ẹni tó rà á yóò fi ra géèmù. Lẹ́yìn náà ni géèmù wá ń wọ́n. Iṣẹ́ àwòrán kedere gba èèyàn àti àkókò ju bí wọ́n ṣe rò lọ, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tó yẹ kó ṣe géèmù sí i sì rí i pé àwọn tó ní ẹ̀rọ náà kò pọ̀, wọ́n bá ká ẹsẹ̀ kúrò. Gbogbo èyí, ọrùn Iwata ni.

Ibi tí mo ti rò pé ó jẹ̀bi jù ni àsọtẹ́lẹ̀. Fún ọdún tó parí ní oṣù Kẹta 2014, ó ní Wii U mílíọ̀nù 9 ni wọ́n á tà. Ní oṣù Kìn-ín-ní, tí Kérésìmesì ti kọjá, ó já a sí mílíọ̀nù 2.8. Olórí tó ń wo ọjà ti yẹ kó rí i ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹ fi àsọtẹ́lẹ̀ àti àbájáde sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún gbogbo ọdún tó fi wà lórí àga. Ìyẹn nìkan yóò sọ púpọ̀ fún yín.

Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ wo ohun tó ṣe nígbà tó ṣubú. Nígbà tí 3DS, ẹ̀rọ àfọwọ́gbé Nintendo, kò tà ní 2011, kò tó oṣù mẹ́fà tó fi já owó rẹ̀ láti 250 dọ́là sí 170 ní Amẹ́ríkà. Ó fún àwọn tó ti sanwó gọbọi ṣáájú ní géèmù 20 lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì gé owó oṣù tirẹ̀ sí ìdajì. 3DS gbérí, ó dé mílíọ̀nù 75.94. Ní 2014 ó tún gé owó oṣù rẹ̀ sí ìdajì. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá yóò dá òṣìṣẹ́ dúró, ó ní ẹni tí ẹ̀rù iṣẹ́ ń bà kò lè ṣe géèmù tó dára. Àwọn tó ṣe Mario Kart 8 wà níbẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí Switch dé.

Ìpinnu tí mo kà sí tí ó ga jù lọ kò fi bẹ́ẹ̀ gbajúmọ̀: ní 2013 ó da ẹ̀ka tó ń ṣe ẹ̀rọ àfọwọ́gbé pọ̀ mọ́ èyí tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣàn. Kí wọ́n tó dà wọ́n pọ̀, ẹ̀rọ méjì ni ilé-iṣẹ́ kan ń bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí rèé tí géèmù fi ń wọ́n. Switch jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo, gbogbo ọwọ́ sì wà lórí rẹ̀.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó yen kún un kí ẹ tó parí. Ọwọ́ òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún Nintendo, dọ́là kan kò sì tó yen 80 fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìdajì kejì 2011. Dọ́là kan náà tí wọ́n gbà ń dín kù bó bá dé Jàpáàn. Àdánù yen bílíọ̀nù 37 nínú iṣẹ́ ọdún tó parí ní oṣù Kẹta 2012 kì í ṣe ẹ̀bi olórí nìkan.

Bó bá jẹ́ èmi, máa kọ ọ́ pé Iwata kùnà nínú títa Wii U àti nínú àsọtẹ́lẹ̀, ó sì yege nínú títún ilé-iṣẹ́ tò àti nínú dídáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ kejì yìí ni mo kà sí èyí tó wúwo jù, nítorí iye tí Switch tà ti kọjá mílíọ̀nù 150. Bí àyè bá ṣẹ́kù, ẹ fi ìwọ̀n kan náà wọn Furukawa, ṣùgbọ́n lórí Switch 2 tó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2025 ni, kì í ṣe lórí Switch àkọ́kọ́. Ní oṣù Karùn-ún ó ní mílíọ̀nù 15 ni wọ́n á tà títí di oṣù Kẹta 2026, ní oṣù Kọkànlá ó gbé e sókè sí 19.