Ìbéèrè Yín: Kí Ló Dé Tí Owó Géèmù Fi Dúró Sórí 2,147,483,647?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ń gbá géèmù kan lórí fóònù mi, owó inú rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, àfi bó ṣe dé 2,147,483,647 tí kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ṣé nọ́ńbà yìí ní ìtumọ̀ ni, àbí ẹni tó ṣe géèmù náà kàn mú un ṣáá? Ìyá kan, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹ bá wa sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò rẹ́ ẹ jẹ. Àpótí tí wọ́n ń kó owó rẹ̀ sí ló kún. Nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà, wọ́n sábà máa ń ya àyè 32 sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà kan, 0 tàbí 1 nìkan ló sì lè jókòó sínú àyè kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ bóyá owó tí a ní ni tàbí owó tí a jẹ. Ó wá ku 31. Bí ẹ bá gbé hóró àgbàdo kan kalẹ̀, tí ẹ sọ ọ́ di méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, títí ẹ ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 31, hóró 2,147,483,648 ni ẹ ó ní. Ẹ mú ẹyọ kan kúrò níbẹ̀, nọ́ńbà ọmọ yín nìyẹn. Géèmù yín tilẹ̀ ṣe dáadáa tó dúró: bí wọ́n bá fi 1 kún un nínú èyí tí wọn kò fara balẹ̀ ṣe, gbèsè 2,147,483,648 ni ọmọ yín ì bá jí bá.

Ṣùgbọ́n òkìkí nọ́ńbà yìí ti kàn kí kọ̀ǹpútà tó dé. Kò sí nọ́ńbà tó lè pín in tí nǹkan kò ní ṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Leonhard Euler, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú St Petersburg, ló fi èyí hàn nínú lẹ́tà kan tó kọ ní 1772, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Kì í ṣe pé ó kàn ń pín in lọ láti orí 2 títí dé 46,340, níbi tí àyẹ̀wò náà ti lè parí. Ó kọ́kọ́ fi hàn pé nọ́ńbà tó bá máa pín in, tí òun náà kò ṣeé pín, 1 tàbí 63 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù bí a bá fi 248 pín nọ́ńbà ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ jù lọ ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ó dán ìwọ̀nba tó kù wò, kò sì sí èyí tó pín in. Lójú tèmi, ọgbọ́n ibẹ̀ ju ti géèmù lọ fíìfíì.

Ọ̀rọ̀ àpótí yìí kò tíì tán o. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970, inú irú àpótí kan náà ni wọ́n sì ń kó iye rẹ̀ sí. Yóò kún ní ọjọ́ 19 oṣù Kìn-ín-ní, 2038, nígbà tí aago bá lu mẹ́rin ààbọ̀ ku ìṣẹ́jú 16 ní ìdájí ní Nàìjíríà, tó sì lé ìṣẹ́jú-àáyá 7. Èyí tí wọn kò bá tíì sọ àyè rẹ̀ di 64 nígbà náà yóò gbà pé ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá, 1901 ni òun wà.