Èsì: Kí ló dé tí fọ́tò infrared mi ń pọ́n?
Ọ̀gá mi, ẹ ní láti ìgbà tí wọ́n ti fi fílítà 720nm (èyí tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà ya infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí) sínú kámẹ́rà yín ni gbogbo fọ́tò ti ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ẹ sì ń rò pé wọ́n ti bà á jẹ́. Rárá o, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. White balance, ìyẹn títo àwọ̀ kámẹ́rà kí funfun lè jáde ní funfun, ló kù. Ẹ dojú kámẹ́rà kọ koríko tútù tí oòrùn ń ràn sí, kí ẹ fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n funfun. Ewé máa ń dá infrared padà gan-an, òun ló ń sọ igi di funfun. RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì fọwọ́ kan àwọ̀ rẹ̀) ni kí ẹ máa yà, kẹ́ ẹ lè tún àwọ̀ náà ṣe lẹ́yìn náà; ṣùgbọ́n Lightroom, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, kì í jẹ́ ká gbé òdiwọ̀n white balance lọ sílẹ̀ ju 2000K lọ, àfi tẹ́ ẹ bá ṣe profile (ètò àwọ̀ fún kámẹ́rà) tiyín.

Ti àmì funfun tó wà láàárín fọ́tò, lẹ́ńsì ni kẹ́ ẹ bi. Àwọn lẹ́ńsì kan ò bá infrared rẹ́ rárá, bó ti wù kí owó wọn pọ̀ tó. Àmì yẹn sábà máa ń burú sí i ní f/11 àti f/16, ìyẹn nígbà tí ihò lẹ́ńsì bá kéré. Ẹ dán f/5.6 wò kẹ́ ẹ tó náwó sí òmíràn.