Ọmọ Ẹyẹ Conure Tí Wọ́n Yà Kúrò Lára Àwọn Ọmọ Ìyá Rẹ̀: Ṣé Òun Ni Kí A Mú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ni a ń gbé. Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá ń bẹ̀ wá pé kí a ra irú conure (ayékòótọ́ kékeré kan) tí wọ́n ń pè ní green-cheeked. Ẹnì kan tó ń sìn wọ́n nítòsí wa ní ọmọ mẹ́rin láti inú ìtẹ́ kan náà. Mẹ́ta wà pọ̀. Ó ya ẹ̀kẹrin sọ́tọ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì nítorí pé àwọn yòókù ń tu ìyẹ́ rẹ̀. Èyí tó dá wà yìí a máa ké bí ènìyàn bá ti kúrò níwájú rẹ̀, a sì máa gé ọwọ́ jẹ. Ẹni tó ń tà á ní òun gan-an ni kí a mú, pé ẹyẹ tí a bá tètè yà kúrò lára àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń mọ ènìyàn jù. Ọkọ mi ní kí a kúkú mú méjì. Ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀?
Ìyá ọmọ méjì, Houston.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, màmá. Ohun tí ẹni tó ń ta ẹyẹ sọ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Ẹyẹ tó ń rìn ní ọ̀wọ́ ni irú conure yìí, nínú igbó Bolivia, ìwọ̀-oòrùn Brazil, Paraguay àti àríwá Argentina. Igbe tí ẹ ń gbọ́ yẹn sì ni ẹyẹ ọlọ́wọ̀ọ́ fi ń béèrè ibi tí àwọn yòókù wà. Ẹ̀rù ìdáwà ni, kì í ṣe ìfẹ́ ènìyàn. Láàárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ọmọ ẹyẹ ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣeré, àti bí àgógó ṣe gbọ́dọ̀ le tó kí ẹnì kejì má baà bínú. Ohun tó ń mú un mọ ènìyàn ni kí ọwọ́ ènìyàn máa kàn án jẹ́jẹ́ láti kékeré, èyí sì ṣeé ṣe láìyà á sọ́tọ̀. Síbẹ̀, ẹ má ṣe dá ẹni náà lẹ́bi, nítorí pé títu ìyẹ́ jẹ́ ìdí pàtàkì láti ya ẹyẹ, ọ̀sẹ̀ méjì kò sì tó láti bà á jẹ́.

Ibi tí ìyẹ́ ti tu ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kò sí ẹyẹ tí àgógó rẹ̀ lè dé orí ara rẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ orí tàbí ẹ̀yìn orí ló pá, tí ìyẹ́ tuntun sì ti ń hù níbẹ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ṣe é, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àyà ni, tí kò sì dáwọ́ dúró láti ìgbà tó ti dá wà, a jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ń tu, dókítà ẹranko ni kí ó sì rí i kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wò ó bí ó ṣe ń dá jẹun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dá jẹun láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú un lọ kí ẹ máa fi ṣíríǹjì bọ́ ọ nílé, ẹ kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé oúnjẹ tó gbóná jù lè jó ọ̀fun rẹ̀, èyí tó bá sì gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa á. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, kí ihò imú rẹ̀ gbẹ, kí ìrù rẹ̀ má máa mì sókè-sódò bí ó bá ń mí, kí ẹran sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì egungun àyà rẹ̀. Àgbà wọn sábà máa ń wọ̀n tó 60 sí 80 gíráàmù. Akọ àti abo jọra. Àyẹ̀wò DNA ni wọ́n sábà fi ń yà wọ́n, kò sì yẹ kí èyí dà yín láàmú.

Ní ti ọ̀rọ̀ bàbá, ẹyẹ méjì kò burú, pàápàá ní ilé tí kì í sí ènìyàn lọ́sàn-án. Àmọ́ ọmọ ìyá méjì nínú àgò kan á gbájú mọ́ ara wọn, ọmọ yín á sì di òǹwòran. Bí wọ́n bá tún jẹ́ akọ àti abo, wọ́n lè máa gùn ara wọn tí wọ́n bá dàgbà. Ẹyọ kan ni èmi yóò mú, bí ẹnì kan bá ń wà nílé nírọ̀lẹ́. Ẹ sì rántí pé ó lè lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ yín á lọ sí yunifásítì, ẹyẹ á di tiyín.

Bí ó bá délé, ẹ gbé àgò rẹ̀ ti ògiri níbi tí ẹbí ń jókòó sí, kì í ṣe ilé ìdáná, nítorí pé èéfín páànù ìdín-nǹkan tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀, bí ó bá gbóná jù, a máa pa ẹyẹ kíákíá. Kí ó máa sùn fún wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ inú àgò láti mú un. Kí ọmọ yín jókòó tì í, kí ó máa ka ìwé rẹ̀ sókè, kí ó sì máa na orí jéró sí i láàárín irin àgò. Nígbà tí ẹyẹ bá ń sáré wá gbà á, kí ó nà án lẹ́nu ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ní àtẹ́lẹwọ́, níkẹyìn, kí ó fi ìka kan ikùn rẹ̀ lókè ẹsẹ̀, kí ó sì sọ pé, “Gòkè.” Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ti tó, kí ó sì dáwọ́ dúró kí ó tó sú ẹyẹ.

Ọ̀rọ̀ gígé ọwọ́ ló gba sùúrù jù. Ọmọ ẹyẹ a máa fi àgógó tọ́ ohun gbogbo wò bí ìkókó ṣe ń ki nǹkan bọ ẹnu. Ẹ fi igi rírọ̀ tàbí bébà dípò ìka fún un. Gígé ti ìbẹ̀rù yàtọ̀, ó sì máa ń fi àmì hàn kí ó tó ṣe é: ẹyinjú rẹ̀ á máa fẹ̀, á máa fún, ìyẹ́ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara, á sì fà sẹ́yìn. Ẹ fa ọwọ́ yín kúrò nígbà yẹn, nítorí pé ẹyẹ tí a kò ka ìkìlọ̀ rẹ̀ sí kò ní kìlọ̀ mọ́ kí ó tó gé ni jẹ. Bí ó bá gé yín jẹ, ẹ má pariwo, ẹ má sì gbá a lẹ́nu. Ẹ rọra gbé e kalẹ̀, kí ẹ yí ojú kúrò fún ìgbà díẹ̀. Ìbọ̀wọ́ awọ tí àwọn kan ń wọ̀ kàn ń kọ́ ọ láti bẹ̀rù ọwọ́ ni. Ní ti igbe, ẹ mú súfèé kan tí ẹ ó máa fi dá a lóhùn láti yàrá kejì, kí ẹ sì pa dà wọlé nígbà tó bá dákẹ́, àní bó jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Hóró èso nìkan kò tó o, fítámìn A inú rẹ̀ kéré; oúnjẹ ẹyẹ tí ilé iṣẹ́ ń rọ ní hóró-hóró ni kí ó pọ̀ jù, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti kárọ́ọ̀tì. Ẹ lè fún un ní ata rodo pàápàá, kò ní ta á lẹ́nu. Píà (avocado), ṣokoléètì, kọfí àti ọtí jẹ́ májèlé fún un.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ọmọ yín lọ jókòó ti gbogbo wọn. Bí èyí tó dá wà bá ń jẹun dáadáa, tí ìyẹ́ rẹ̀ sì ń hù, ẹ mú un. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú èyí tó bá kọ́kọ́ wá gba jéró lọ́wọ́ ọmọ náà nínú àwọn mẹ́ta yòókù. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kí dókítà ẹranko tó mọ ẹyẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó sì wò ó bóyá ó ní psittacosis, àrùn tí ẹyẹ lè kó ran ènìyàn.