Ta Ló Ń Gbé Inú Ilé Ọmọlángidi Yẹn?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Manchester ni mo ń gbé. Mo ra ilé ọmọlángidi àlòkù kan fún ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 7. Pọ́n-ùn 12 ni mo san. Igi ni wọ́n fi ṣe é, ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, ó sì ń rùn bí yàrá tí wọ́n ti tì pa tipẹ́. Ẹni tó tà á ní ìyá òun ló fi ṣeré ní kékeré. Ọmọ mi ní ilé Màmá àgbà ní Ìbàdàn ni kí a fi ṣe, bẹ́ẹ̀ ilé òyìnbó ni, ibi ìyáná wà ní pálọ̀ rẹ̀. Ṣé kí n yọ ọ́ ni? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Mo tún ní ọmọkùnrin ọlọ́dún 2 nílé.

Ìdáhùn:
Ẹ kú ìtọ́jú wọn, ìyá wa. Ọ̀dà yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Bí ìyá ẹni tó tà á bá fi ṣeré, ó ṣeé ṣe kí òjé wà nínú ọ̀dà náà. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni wọ́n tó fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé. Ẹ má fi sáńdípépà ha á o, eruku rẹ̀ léwu fún ọmọdé. Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ní ohun tí wọ́n fi ń yẹ òjé wò. Bí òjé bá wà níbẹ̀, ẹ wá òmíràn. Bí kò bá sí, ẹ fi aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ nù ún, ẹ sá a sí afẹ́fẹ́, òórùn yẹn á lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra ọ̀dà tuntun. Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín pé, "Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Èmi ò béèrè nígbà tí mo ra tiwa. Mo kun ún ní funfun, mo lẹ ańkárá mọ́ ògiri, ó rẹwà lójú mi. Ọjọ́ 3 péré ni àwọn ìbejì mi fi ṣeré, wọ́n pa á tì, ó sì dùn mí gan-an. Àfi lọ́jọ́ kan tí Kẹ́hìndé ní, "Màmá àgbà ti dé láti Ìbàdàn, wọ́n wá gbé ọmọ tuntun." Táyé ní báàgì wọn dà? A gé lára báàgì Ghana Must Go kan tó ti ya, a rán èyí tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ, a rọ òwú sínú rẹ̀, a sì fi okùn dúdú so ó lọ́rùn. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ni Táyé gbé e sí, ó ní Màmá ò tíì ráyè tú ẹrù. Láti ìgbà náà ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ẹní dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí tìmùtìmù òyìnbó rọ̀ jù fún ẹ̀yìn Màmá. Ìdérí ọṣẹ ìfọyín di ìkòkò àgbo. Ibi ìyáná tí mo ti fẹ́ fọ́ dànù, iwájú rẹ̀ ni Màmá jókòó sí, òtútù ń mú wọn, ọmọ wà lẹ́yìn wọn.

Nítorí náà, èmi ò ní yọ ọ́. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń wá bá wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá ta kú pé Ìbàdàn ni, ẹ fi páálí dí i, kí ó sì pe Màmá lórí WhatsApp. Kí ó bi wọ́n ibi tí àmù wà, ibi tí wọ́n ń gún iyán sí, ẹni tó ń sun yàrá iwájú. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ kọ́.

Ẹ wọn ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ó bá sún mọ́ íǹṣì 7, a jẹ́ pé íǹṣì 1 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 1. Òdiwọ̀n yìí náà ni ti ilé ọmọlángidi Queen Mary ní ààfin Windsor, tí Edwin Lutyens ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n parí ní 1924. Omi ń yọ ní ẹ̀rọ rẹ̀, ọtí gidi sì wà nínú àwọn ìgò rẹ̀. Mo mú àwọn ìbejì lọ, ìdí àwọn ìgò yẹn ni Táyé dúró sí, ó ń béèrè ẹni tó máa mu ún.

Òdiwọ̀n yìí ni kì í jẹ́ kí aṣọ tí a lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ bá a mu. Iṣẹ́ ara àdìrẹ tó fẹ̀ tó íǹṣì 3 á dà bí ẹsẹ̀ bàtà 3 lára ògiri. Aró sì máa ń ṣí bí gọ́ọ̀mù tútù bá kàn án. Bí mo ṣe ba àdìrẹ ìyá mi jẹ́ nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò aṣọ náà, ẹ dín in kù, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, bébà yẹn ni kí ẹ lẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi iná sí i, ẹ yẹra fún bátìrì tó rí bíi bọ́tìnnì. Bí ọmọ ọdún 2 yẹn bá gbé e mì, láàárín wákàtí 2 ó lè jó o lọ́fun.

Mo ní àdìrẹ 4 tí mo ti dín kù sórí bébà. Ẹ sọ gíga ògiri pálọ̀ yín fún mi, màá tẹ̀ wọ́n ní ìwọ̀n rẹ̀, màá sì fi wọ́n ránṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, London