«Kò sí kẹ́míkà tó kọjá òdiwọ̀n, kí ló wá ń ṣe mí?»

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà ni mo wà, ó ti pé ọdún 4. Gọ́ọ̀mù, tínà àti ọ̀dà tí a ń fín ni iṣẹ́ wa. Láti oṣù mélòó kan, orí máa ń fọ́ mi tí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá dé, ìka ẹsẹ̀ mi sì ń ṣe bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un. Ọ̀gá wa mú àwọn tó ń wọn afẹ́fẹ́ wá, wọ́n ní kò sí kẹ́míkà kankan tó kọjá òdiwọ̀n. A kì í pò wọ́n pọ̀, agolo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Ẹ jọ̀ọ́, wàrà wo ló dára jù tí mo lè máa mu kó fọ májèlé kúrò lára?

Ìdáhùn: Ti wàrà ni ká kọ́kọ́ parí. Kò sí èyí tó dára jù, torí kò sí ìkankan nínú wọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Oru tí ẹ fà símú gba ẹ̀dọ̀fóró wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wàrà gba ọ̀fun lọ sí ikùn. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé? Bákan náà ni oògùn inú ìgò tí wọ́n ń pè ní afọ̀jẹ̀. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń tà á fún òṣìṣẹ́, torí ẹni tó bá ti gbà pé ẹ̀jẹ̀ òun ti mọ́ yóò padà sínú oru náà láìfòyà.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára nínú ìbéèrè yín ni ti òdiwọ̀n. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ, síbẹ̀ kí ewu ṣì wà. Nígbà tí wọ́n ń fi òdiwọ̀n sí kẹ́míkà kan, ṣe ni wọ́n ṣe é bí ẹni pé òun nìkan ni òṣìṣẹ́ ń fà símú. Agolo ló yà wọ́n sọ́tọ̀; tí ẹ bá ti mí wọn sínú, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń bá lọ, ẹ̀dọ̀ kan náà ló sì ń forí rọ́ gbogbo wọn.

Ẹ bá mi ṣírò ó. Toluene, xylene àti methyl ethyl ketone jẹ́ kẹ́míkà tó máa ń wà nínú gọ́ọ̀mù, tínà àti ọ̀dà. Nínú òfin OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, òdiwọ̀n toluene fún iṣẹ́ wákàtí 8 jẹ́ 200 ppm, ìyẹn ìdá 200 nínú mílíọ̀nù ìdá afẹ́fẹ́. Ti xylene jẹ́ 100, ti methyl ethyl ketone, tí à ń pè ní MEK, jẹ́ 200. Ká ní wọ́n bá toluene 80, xylene 40 àti MEK 80 níbi iṣẹ́ yín. Kò sí èyí tó dé ìdajì òdiwọ̀n rẹ̀. Ó yá, ẹ fi òdiwọ̀n kọ̀ọ̀kan pín iye tí wọ́n bá: 0.4, 0.4, 0.4. Ẹ ro ó pọ̀, ó di 1.2. Tó bá ti ju 1 lọ, afẹ́fẹ́ yẹn ti kọjá òdiwọ̀n nìyẹn. Èmi kọ́ ni mo dá ìṣirò yìí sílẹ̀, inú òfin OSHA fúnra rẹ̀ ló wà, ní abala 1910.1000. Ìdí tí a fi ń rò wọ́n pọ̀ ni pé ọpọlọ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń bá jà: orí fífọ́, òòyì, oorun ọ̀sán gangan. Ẹ sì rántí pé wákàtí 8 ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó ń ṣe wákàtí 12 ń fà púpọ̀ sí i, àkókò tí ara rẹ̀ fi ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ sì ti dín kù.

Orí yín tó ń fọ́ nìyẹn. Ti ìka ẹsẹ̀ ló ń dẹ́rù bà mí.

Kẹ́míkà kan wà tó ń jẹ́ n-hexane, tó máa ń wà nínú gọ́ọ̀mù bàtà. Ara máa ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, 2,5-hexanedione, tó ń ba àwọn iṣan ìmọ̀lára tó gùn jẹ́, láti ẹsẹ̀ lọ sókè. MEK ní tirẹ̀ kì í ba iṣan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá wà pẹ̀lú hexane, ó ń mú kí ìpalára hexane le sí i. Ní Berlin, ní nǹkan bí ọdún 1975, wọ́n dín hexane inú tínà kan kù, wọ́n fi MEK kún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fa tínà yẹn símú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ìṣirò tí a ṣe lókè yẹn kò lè rí irú èyí, torí àròpọ̀ lásán ni.

Òṣìṣẹ́ kan wọlé tọ̀ mí wá rí, sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀. Mo ní kó de bọ́tìnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ìka rẹ̀ ń wá bọ́tìnì náà kiri títí mo fi bá a dè é. Ìwé tó sọ pé gbogbo nǹkan wà lábẹ́ òdiwọ̀n wà nínú àpò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ béèrè iye tí wọ́n bá gan-an lọ́wọ́ ọ̀gá yín, kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n tilẹ̀ wọn hexane, torí ohun tí wọn ò bá wá, wọn ò ní rí i. Ẹ tún béèrè ìwé SDS, ìyẹn ìwé àlàyé ààbò tí ẹni tó ṣe kẹ́míkà máa ń kọ, ti gọ́ọ̀mù, ti tínà àti ti ọ̀dà: abala 3 yóò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, abala 8 yóò sọ òdiwọ̀n. Gọ́ọ̀mù tí kò ní hexane àti ẹ̀rọ tó ń fa oru kúrò lójú iṣẹ́ ni ojúṣe ilé-iṣẹ́. Ìbòmú aláṣọ kò dá oru dúró rárá. Ẹ má fi tínà fọ ọwọ́ mọ́, awọ ara náà ń fà á mu.

Èmi ò tíì yẹ̀ yín wò, n kò lè sọ pé hexane ni. Àtọ̀gbẹ náà máa ń mú kí ẹsẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú. Ẹ kó àwọn ìwé SDS náà lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí ó yẹ iṣan yín wò, kí wọ́n sì gba ìtọ̀ yín ní òpin ọjọ́ iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe kẹ́yìn, láti fi wá 2,5-hexanedione, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Kí ẹ tó lọ, ẹ kúrò nídìí gọ́ọ̀mù yẹn. Tó bá jẹ́ hexane ni, ó ṣì lè máa burú sí i fún oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi í sílẹ̀, nítorí náà ẹ má rò pé kíkúrò yín ló fà á, kí ẹ wá padà síbẹ̀.